Ọjọ́ tí Kíákíá Kojú Gómìnà ní Peckham

Ẹ̀yin ará Ìwó, ẹ̀yin tí ẹ sìn mí dé gáréèjì lọ́jọ́ tí mò ń lọ, tí ẹ ní kí n má padà láìmú èsì bọ̀, mo ti dé. Èsì tí mo kọ́kọ́ jẹ́ fún yín kò pé. Èyí tó pé ni mò ń kọ sílẹ̀ yìí. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó fi ìwé náà wé àkàrà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi lọ, nítorí àwọn ọ̀dọ́ inú yín kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí èmi àti Ràṣídì jẹ́ tíṣà kékeré ní ilé-ìwé girama wa, tí mò ń kọ́ wọn ní ìṣirò, tí òun ń kọ́ wọn ní físíìsì, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kan gbé kọ̀ǹpútà méjì bọ̀ láti London. Kọ̀ǹpútà ìgbà náà kì í ṣe irú èyí tí ẹ ń kì bọ àpò lónìí. Kò tóbi ju síléètì lọ, bọ́tìnnì rẹ̀ rọ̀ bíi rọ́bà ìparẹ́, ara tẹlifíṣàn la ń so ó mọ́, inú kásẹ́ẹ̀tì tí a fi ń gbọ́ wákà ló sì ti ń gba ọgbọ́n. Kásẹ́ẹ̀tì kan bá a wá tí ṣẹ́ẹ̀sì wà nínú rẹ̀, ayò orí pátákó tí ọba, ayaba àti ẹṣin ti ń bá ara wọn jà, iṣẹ́ ọwọ́ òyìnbó. Orúkọ ara rẹ̀ ti pa rẹ́. Àwa sọ ọ́ ní Gómìnà, nítorí pé ó máa ń ronú títí kó tó ṣe ohunkóhun, tó bá sì ṣe é tán, ìwọ ni wàá jìyà rẹ̀.

Mo wò ó, mo ní òyìnbó kò ní orí méjì. Mo fi odidi ìgbà òjò kan kọ ṣẹ́ẹ̀sì tèmi sínú kọ̀ǹpútà kejì, mo pè é ní Kíákíá, nítorí kì í ronú kọjá ìṣẹ́jú kan. Kì í ṣe pé ó gbọ́n. Iná mọ̀nàmọ́ná ìlú wa ni mo wò kí n tó kọ ọ́. Gómìnà ní ipele mẹ́wàá; ní ipele tó le jù, ó lè fi wákàtí kan ronú lórí ẹṣin kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ iná tiwa kì í dúró tó bẹ́ẹ̀. Tí iná bá sì ti lọ, gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà ti dàwátì nìyẹn. Nítorí náà a ṣe òfin: ẹni tó bá kàn láti ta nígbà tí iná lọ, òun ló fìdí rẹmi. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni Kíákíá kojú Gómìnà, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni iná lọ mọ́ Gómìnà lórí. Ìlú sọ mí ní Aṣẹ́gunòyìnbó.

Ràṣídì kò gbà. Ó lọ sí London, ó gbé ibẹ̀ di arúgbó, ibì kan náà sì ni gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ń parí sí: kí n gbé Kíákíá wá síbi tí iná kì í ti í lọ. Ǹ bá má lọ títí ayé, àmọ́ lọ́dún yìí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ kọ́ yàrá kọ̀ǹpútà kan sí ilé-ìwé náà, wọ́n sì fẹ́ kọ Aṣẹ́gunòyìnbó sí iwájú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, tó ti di ẹnjiníà báyìí, dìde ní ìpàdé, ó ní ṣé ẹnikẹ́ni lè fi ẹ̀rí hàn pé Tíṣà ṣẹ́gun òyìnbó lóòótọ́? Ọmọ tí mo fi odidi ọdún kan kọ́ ní ìsọdipúpọ̀ kó tó wọ̀ ọ́ lórí. Báyìí ni wọ́n ṣe ní kí n lọ mú ẹ̀rí wá. Mo wé kásẹ́ẹ̀tì Kíákíá mọ́ inú fìlà mi, ó di London.

Hítà

Mi ò ní sọ ti ọkọ̀ òfurufú. Gbogbo ẹni tó ti wọ̀ ọ́ rí ló ti sọ ọ́ sú yín. Òtútù ni kí n sọ. Òtútù Peckham ní ìparí ọdún kì í fẹ́ kọjá. Ńṣe ló ń wọlé síni lára tó ń jókòó.

Ràṣídì ti darúgbó. Mo mọ̀ pé èmi náà ti darúgbó, àmọ́ mi ò mọ̀ pé ó hàn tó bẹ́ẹ̀ títí mo fi rí bó ṣe ń wò mí. A sunkún díẹ̀, a bú ara wa díẹ̀, ara wa sì balẹ̀.

Òkè kẹta ni ilé rẹ̀ wà nínú ilé káńsù kan, ilé ìjọba tí aráàlú ń háyà. Bí a ṣe wọlé báyìí, kó tó ní kí n jókòó, ó na ọwọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń tan iná. Ó tàn án, ó pa á, ó tún tàn án.

"Tíṣà, ṣé o rí i? Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilẹ̀ yìí, mi ò rí i kó ṣẹ́jú rí."

Ó wá gbé hítà kan tó ń fi iná mú yàrá gbóná sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ó ní mi ò gbọ́dọ̀ pa á, tọ̀sán tòru. Èmi kì í ṣe aláìgbọràn. Mo sùn ti hítà, mo jẹun ti hítà, mo ṣe àlùwàlá tán mo sáré padà sọ́dọ̀ hítà. Kádíjà, ọmọ Ràṣídì obìnrin, tí wọ́n bí síbẹ̀ tó sì ń ṣe nọ́ọ̀sì, bá mi níbẹ̀ nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ìdajì ìkúnlẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń ṣe lọ́hùn-ún.

"Uncle Tíṣà, ẹ káàbọ̀ o." Ojú rẹ̀ wá lọ sí hítà. "Daddy, this thing is on all day? Ṣé ẹ sure?"

Bàbá rẹ̀ wò ó. Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ ìwò náà, ibi yòówù kí wọ́n bí i sí. Kádíjà ní kò sí wàhálà, it's calm, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Èmi rò pé àwọ̀ ara mi ló ń rò, pé kó má baà gbẹ.

Ohun kan wú mi lórí nípa Ràṣídì. Láràárọ̀, kó tó fi nǹkan kan ẹnu, á wọ kóòtù ńlá, á ki nǹkan búlúù kékeré kan bọ àpò, á jáde. Ó ní òun ń lọ na ẹsẹ̀, dókítà ló ní kí òun máa ṣe é. Tó bá dé, á ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, á tẹrí bọ inú rẹ̀, nǹkan á dún pí, á sì tì í. Mo rò pé ibẹ̀ ló ń kó bàtà eré ìdárayá rẹ̀ sí. Mo gbóríyìn fún un nínú ọkàn mi.

Ará ibẹ̀

Nínú bọ́ọ̀sì alájà méjì tí wọ́n ń wọ̀ kiri, ẹnikẹ́ni kì í kí ẹnikẹ́ni. Tí o bá tẹ ènìyàn mọ́lẹ̀, òun ni yóò bẹ̀ ọ́, àmọ́ kò ní kí ọ. Mi ò lè fara da ìyẹn. Mo wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ o." Gbogbo wọn wojú fóònù wọn. Ó ṣe díẹ̀, ohùn obìnrin kan ti ẹ̀yìn wá: "Ẹ káàárọ̀ sà." Ara mi yá títí mo fi sọ̀kalẹ̀.

Rye Lane, òpópónà ọjà Peckham, ni mo sọ̀ sí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ó jìnnà sílé. Iṣu wà, pánlá wà, pọ̀nmọ́ wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù wà nínú abọ́ tí wọ́n ń pàtẹ. Obìnrin kan tó ń wọn iṣu pè mí ní Daddy, ó béèrè ìlú mi, ó ní ọmọ Ìwó ni ìyá òun. A sọ̀rọ̀ tó dùn. Mo wá bi í bóyá iná máa ń lọ nílé rẹ̀.

Ó ní, "Iná kẹ̀, Daddy? Níbí?" Ó sì yíjú sí oníbàárà mìíràn.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, nínú mọ́ṣáláṣí wọn, ọkùnrin kan jókòó tì mí, ó ń rojọ́ káńsù fún mi ní kíkún, bí omi ṣe ń jò láti òkè, bí wọn ò ṣe dáhùn láti ọdún tó kọjá. Mo ní, iná ń kọ́? Ó rántí lójijì pé òun ní shift. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn. Wọn á bú òtútù, wọn á bú owó ilé, wọn á bú ìjọba, àmọ́ tó bá kan iná, kò sẹ́ni tó ń bú u. Mo ní nínú ara mi pé Ràṣídì jàre, ilẹ̀ yìí dára.

Bísíkíìtì

Ní Brockley, tí kò jìnnà sí Peckham, òyìnbó àgbà kan ń gbé tó ń jẹ́ Derek. Ràṣídì mọ̀ ọ́n níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù àlòkù. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kún pálọ̀ rẹ̀ dẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó rẹ̀ ń gbé òkè, òun àti kọ̀ǹpútà ń gbé ìsàlẹ̀, àlàáfíà sì wà láàárín wọn. Iṣẹ́ tó fi ìfẹ̀yìntì ṣe ni kó máa mú ṣẹ́ẹ̀sì inú kọ̀ǹpútà kan bá ti inú òmíràn ta, kó máa kọ ẹni tó borí sínú ìwé ńlá kan, kó sì máa tò wọ́n láti orí alágbára dé orí ọ̀lẹ. Mo bi í pé ta ló rán an. Ó ní kò sẹ́ni tó rán òun.

Ó po tíì fún wa, ó ṣí agolo bísíkíìtì, ó nà án sí mi. Mo ní rárá, ẹ ṣeun, bí ọmọlúàbí ṣe máa ń kọ́kọ́ kọ nǹkan. Òyìnbó náà dé agolo, ó gbé e lọ. Mo dúró dè é kó tún fi lọ̀ mí. Ó ku díẹ̀ kí n máa dúró dè é títí di òní. Ràṣídì, tó ti mọ̀ wọ́n, ti mú mẹ́ta.

Kásẹ́ẹ̀tì mi ti hu. Derek fi òwú kékeré nù ún fún bíi wákàtí kan, láìsọ̀rọ̀, bí ẹni ń tọ́jú ojú ọmọ jòjòló. Ẹ̀ẹ̀kíní tó fi í sínú ẹ̀rọ, kásẹ́ẹ̀tì náà ké lásán. Ẹ̀ẹ̀kejì, bákan náà. Nígbà kẹta, orúkọ KÍÁKÍÁ yọ lójú tẹlifíṣàn. Omi bọ́ lójú mi, mi ò sì tijú láti sọ ọ́. Derek ní Gómìnà náà lọ́wọ́, ó sì mọ orúkọ gidi tó ń jẹ́, àmọ́ mo ní kó má sọ ọ́ fún mi.

Ó wá ṣàlàyé pé tí a bá fẹ́ mọ èyí tó lágbára jù nínú méjì, àfi ká fún àwọn méjèèjì ní àkókò kan náà láti fi ronú. Láti ọjọ́ tí mo ti ń jẹ́ Aṣẹ́gunòyìnbó, kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Ó bi mí pé ìṣẹ́jú mélòó ni mo máa ń fún Gómìnà nílé. Mo ní, títí iná yóò fi lọ. Ó wò mí, ó ní, "Interesting." Ràṣídì sọ fún mi nígbà tó yá pé tí òyìnbó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ti sin ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Mo fárígá. Mo ní bí a ṣe ń ṣe é nílé la ó ṣe é: Gómìnà ní ipele tó le jù, Kíákíá bí mo ṣe kọ ọ́, òfin iná sì wà níbẹ̀. Ràṣídì rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní kí Derek kọ òfin iná náà sílẹ̀, kó kọ ọ́ gàdàgbà, kò lè ṣẹlẹ̀ láéláé. Derek kọ ọ́.

Alámísì

Ọjọ́ Alámísì la fi ìjà náà sí. Ìyàwó Derek ń gbàlejò lọ́jọ́ náà, nítorí náà Derek fi mọ́tò gbé kọ̀ǹpútà méjì àti tẹlifíṣàn méjì wá sí ilé Ràṣídì lọ́jọ́ tó ṣáájú, ó ní kí a jíṣẹ́ èsì fún òun. Kádíjà lọ síbi iṣẹ́. Ó ku èmi, Ràṣídì, Gómìnà, Kíákíá àti hítà.

A bẹ̀rẹ̀ ní kété tí a kírun òwúrọ̀ tán. Bí Gómìnà bá ta, èmi á tẹ̀ ẹ́ fún Kíákíá; bí Kíákíá bá dáhùn, Ràṣídì á tẹ̀ ẹ́ fún Gómìnà, ó di ìjókòó. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, mo ti mọ òótọ́ kan tí mo ti ń sá fún láti ìgbà èwe mi. Kíákíá gọ̀. Kò tíì ta ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá tó fi gbé ayaba rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ-ogun lásán. Nílé, iná kì í jẹ́ kí a débẹ̀. Ojú tì mí fún un bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣubú lórí pèpéle níwájú àlejò.

Ràṣídì yẹ kó máa dunnú, àmọ́ ara rẹ̀ kò lélẹ̀. Kò tíì lọ na ẹsẹ̀ láàárọ̀ náà. Ó ń wo kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń wo ojú mi. Mo ní kó lọ na ẹsẹ̀ rẹ̀ kó dé.

Ó ní, "Kí o lè fọwọ́ kan Gómìnà lẹ́yìn mi?"

Mo ní ṣé èmi ló ń pè lólè. Ó ní kí á jọ jáde. Mo ní nínú òtútù yìí, ká fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ta? Ó jókòó padà. Láìpẹ́ nǹkan dún pí nínú kọ́bọ́ọ̀dù náà. Mo bi í pé kí nìyẹn. Ó ní ará ilé kejì ni.

Nígbà tó di bíi aago mẹ́ta àbọ̀, ilẹ̀ ti ń ṣú nítorí báyìí ni ọ̀sán wọn ṣe ń kú lásìkò òtútù. Ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo ló kù kí Gómìnà pa ọba mi. Mo rí i. Ràṣídì rí i. Gómìnà nìkan ni kò tíì rí i, ó ṣì ń ronú.

Iná lọ.

Hítà mí kanlẹ̀, ó dákẹ́. Tẹlifíṣàn méjèèjì di àmì funfun kékeré, wọ́n kú. Mo yọjú lójú fèrèsé: iná wà nílé gbogbo ènìyàn, títí dé àdúgbò Bermondsey lọ́hùn-ún bí mo ṣe rí i. Ilé tiwa nìkan ló ṣókùnkùn. Ọwọ́ mi ti wọ àpò kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, nítorí pé ará Ìwó kì í rìn láìmú tọ́ọ̀ṣì dání. Mo tàn án. Ojú Ràṣídì ló bọ́ sí.

"Mítà inú kọ́bọ́ọ̀dù ni," ó ní. "Kọ́kọ́rọ́ la fi ń ra iná sínú rẹ̀. Àràárọ̀ ni mò ń lọ rà á. Hítà yẹn ló jẹ ẹ́ tán."

"Kí ló dé tí o ò ní kí n pa hítà?"

"Kí n sọ fún ìwọ, Tíṣà, pé iná fẹ́ lọ?"

Ó mú nǹkan búlúù náà jáde nínú àpò rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì láàárín àwọn kọ̀ǹpútà tó ti kú.

"Gómìnà ló kàn láti ta. Òfin ni òfin, o borí. Àmọ́ mo bẹ̀ ọ́, má sọ nílé pé iná lọ mọ́ mi lọ́wọ́. Mi ò kọ́lé síbẹ̀. Mi ò gbé mọ́tò bọ̀ rí. Iná tí kì í lọ yìí nìkan ni mo ní tí mo fi ń hàn wọ́n."

Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe dì. Tí mo bá ní mo borí, ẹnjiníà á ní báwo, mo ní láti sọ pé iná lọ ní London. Tí mo bá bo ọ̀rẹ́ mi láṣìírí, orúkọ mi ti kúrò lórí yàrá náà nìyẹn. Mo sì fẹ́ orúkọ náà. Mo fẹ́ ẹ gan-an. A jókòó sínú ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì títí òtútù fi lé wa jáde, àwa méjèèjì sì jọ lọ ra iná.

Derek ni a kọ́kọ́ sọ fún. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ẹyọ owó ni ìyá òun ń sọ sínú mítà, àárín oúnjẹ alẹ́ ló sì máa ń kú. Ojú kò tì í rárá. Ó ṣí ìwé ńlá rẹ̀, ó kọ ọ́ pé Kíákíá borí nípa òfin ilé. Ìwé kan ṣoṣo láyé tí ẹ̀rí mi wà nìyẹn, ó wà ní Brockley.

Yàrá náà

Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ nígbà tí mo dé. Ẹ bi mí. Mo ní mo fìdí rẹmi. Ẹnìkan nínú gbọ̀ngàn ní "ó mà ṣe o," ẹnjiníà sì wo ilẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ máa pa orúkọ mi rẹ́. Ohun tí mi ò rò ni pé ẹ máa kọ ti Ràṣídì sí i, pé òun ló ṣẹ́gun.

Kádíjà ló rí fọ́tò pátákó náà lórí fóònù, ó sì fi han bàbá rẹ̀. Kádíjà fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé òun ní, "Daddy, that's not fair, ẹ mọ̀ pé that's not fair." Nítorí náà lọ́jọ́ tí ẹ ń ṣí yàrá náà, tí ẹ pe Ràṣídì lórí fóònù, tí ẹ so ó mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn kó lè dúpẹ́, ẹ gbọ́ ohun tó sọ.

"Mi ò borí," ó ní. "Iná lọ mọ́ mi lọ́wọ́ ní Peckham. Orúkọ Tíṣà ni kí ẹ kọ síbẹ̀."

Ọkàn mi kún. Mo mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ná an. Ẹnjiníà dìde, ó ní ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀ àgbàlagbà, ẹ wo bó ṣe fẹ́ bo ọ̀rẹ́ rẹ̀ láṣìírí. Ó ní iná kẹ̀, ní London? Gbogbo yín rẹ́rìn-ín, ẹ pàtẹ́wọ́. Mo dìde, mo búra, mo sọ ti mítà, mo sọ ti kọ́kọ́rọ́ búlúù, mo sọ ti ìwé Derek. Ẹnìkan fà mí láṣọ, ó ní Tíṣà, ẹ jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tí kì í fìdí rẹmi. Ràṣídì ń pariwo nínú gbohùngbohùn pé òótọ́ ni, òótọ́ ni mò ń sọ.

Àárín ọ̀rọ̀ ló wà tí ohùn rẹ̀ já. Fáànù dúró, gbogbo kọ̀ǹpútà tuntun náà dúdú lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo yín ní "Hàà," ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà ẹnu ilẹ̀kùn nínú òkùnkùn. Mo tan tọ́ọ̀ṣì mi fún yín. Kò sí ẹnì kan tó béèrè ẹ̀rí pé iná lọ.